Èéfín Sìgá ní Ilé Tẹ́tẹ́

Ṣé èéfín sìgá lè pa ẹni tí kì í mu ún lára? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè fún un ní àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Fáànù kò lè lé e tán nínú ilé.

Ní Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2006 ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé iṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó yọ ilé tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Ní àgbègbè Gilpin, ìpè fún ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn dín kù, àfi láti ilé tẹ́tẹ́. Ní 2008, òfin dé ibẹ̀ náà. Ìpè láti ibẹ̀ sì dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Oníbàárà lè dìde lọ. Ẹni tó ń pín káàdì ńkọ́? Ibi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ síta.