Àjọṣe Kọjá Iṣẹ́ Pínpín

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan nínú ẹbí wa, èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi pín iṣẹ́: òun ni yóò ro ẹ̀fọ́, èmi ni n ó se ẹran. Ìkòkò ńlá kan ṣoṣo ni a ní. Mo gbé e kaná láìbèèrè. Nígbà tí àwọn àlejò jókòó, ẹran ti jinná, ẹ̀fọ́ kò tíì dé orí iná. A pín iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ṣe é pọ̀.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan kọ̀ǹpútà. Ó kàn án gidigidi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Barbara Grosz, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1948, tí ó dé Yunifásítì Harvard ní 1986, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí ènìyàn ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí a baà lè kọ́ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń dá iṣẹ́ ṣe ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Òun àti Candace Sidner gbé èrò náà jáde ní 1990. Ní 1996, òun àti Sarit Kraus, obìnrin onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, mú un gbòòrò. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ wọn ni ti ẹni méjì tí wọ́n fẹ́ jọ se oúnjẹ alẹ́.

Wọ́n fi hàn pé bí a bá to ète ẹnì kan ti ti ẹlòmíràn, kò tíì di àjọṣe. Ó yẹ kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a fẹ́ ṣe, bí a kò tilẹ̀ tíì mọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ó yẹ kí olúkúlùkù di iṣẹ́ tirẹ̀ mú. Lékè gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí ó jẹ mí lógún pé iṣẹ́ ẹnìkejì mi yọrí: n kò ní gba ìkòkò tí ó fẹ́ lò, bí iyọ̀ bá tán, n ó tètè sọ fún un.

Grosz tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè lẹ ìwà yìí mọ́ ètò kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá ti ṣe é tán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń pò ó mọ́ ọn, bí ìgbà tí a ń po iyọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Nígbà tí ó yá, ó gbé ìmọ̀ náà dé ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ. Pẹ̀lú oníṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Stanford, ó yẹ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn wọn díjú wò, àwọn tí ọ̀pọ̀ dókítà àti olùtọ́jú jọ ń mójú tó. Olúkúlùkù mọ apá tirẹ̀; òbí ni ó ń ru ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ kiri ọsibítù mọ bí ẹrù yẹn ti wúwo tó. Ohun tí wọ́n ń wá ni ètò kọ̀ǹpútà tí yóò mọ ọ̀rọ̀ tí ó kan olúkúlùkù, tí yóò sì fi tó o létí, láì da gbogbo ìròyìn bo gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe pé kí ó rọ́pò dókítà tàbí ìyá, bí kò ṣe kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ kan wá tí wọ́n ní olùrànlọ́wọ́ ni, ẹ bèèrè pé: ǹjẹ́ ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe? Ǹjẹ́ yóò kìlọ̀ fún mi kí ó tó gba ìkòkò mi? Ẹ bi ara yín náà, àti ọkọ tí ń wí pé òun ti ṣe tòun. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ní tèmi, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, n kì í gbé ìkòkò kaná láìkọ́kọ́ bèèrè.