Wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú kòtò ń pààyàn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn opó Navajo lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kì í ṣohun téèyàn ń gbọ́ tí kò ní í mirí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ wọn, àgùntàn ni wọ́n ń sìn, àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, wọn ò sì mọ ìdí sìgá tó bẹ́ẹ̀. Àfi bí ikọ́ ṣe dé sí wọn lára. Wọ́n ń rù, wọn ò lè gun òkè kékeré mọ́ láìdúró mí, àwọn mìíràn ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí dókítà yóò fi yẹ̀ wọ́n wò, jẹjẹrẹ ti bá ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ló pa wọ́n. Ilẹ̀ àwọn Navajo wà níbi tí ìpínlẹ̀ Arizona, New Mexico àti Utah ti pààlà, uranium tí Amẹ́ríkà fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì sì pọ̀ níbẹ̀ bíi kí làá gbọ́. Láti 1944 títí di 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù òkúta uranium ni wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ náà. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń wà á o, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba nìkan ni oníbàárà wọn.

Ìnira tó wà nínú iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n á fi àdó olóró fọ́ òkúta, eruku ò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n á ti ní káwọn òṣìṣẹ́ wọlé lọ kó o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, omi tó ń kán lára òkúta ni wọ́n ń mu. Bó bá dalẹ́, aṣọ tí eruku ti kún ni wọ́n ń wọ̀ lọ sílé, ìyàwó á sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí owó wọn kò pé dọ́là kan fún wákàtí kan níbẹ̀rẹ̀. Leetso, ìyẹn ilẹ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, làwọn Navajo ń pe uranium. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń jáde lára ẹ̀, wọn ò lórúkọ kankan fún un, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó wà.

Bó ṣe ń pààyàn rèé. Lára uranium ni afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní radon ti ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí radon bá fọ́, ó ń di àwọn nǹkan wíńníwínní tó ń lẹ̀ mọ́ eruku. Béèyàn bá ti fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ ni ìtànṣán ẹ̀ ti ń jó ẹran ara láti inú. Kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, ó lè lo ogún ọdún kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Ẹni tó bá tún wá ń fa sìgá mọ́ ọn, wàhálà tiẹ̀ ti di méjì.

Ṣé àwọn aláṣẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀ dáadáa! Láti 1879 làwọn dókítà Jámánì méjì, Härting àti Hesse, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn awakùsà ìlú Schneeberg. Ní 1950, iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń wa uranium. Duncan Holaday tó ń bá wọn wọn afẹ́fẹ́ inú kòtò rí i pé radon ibẹ̀ ti kọjá àfẹnusọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn iléeṣẹ́ tó jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ láyà sókè, ìjọba sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin náà, wọ́n ń gba ìtọ̀ wọn, wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń wá fún wọn.

Ohun tó sì ń dunni jù ni pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọnú kòtò ni ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro náà ń fẹ́. Fáànù lásán-làsàn! Ọdún kẹtàdínlógún lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1967, ni Willard Wirtz tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òté lé ìwọ̀n radon tó gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ti fà á simú kọjá ààlà. Nígbà táwọn onímọ̀ wo àwọn ọkùnrin Navajo tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú láàárín 1969 sí 1993, wọ́n rí mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún (94). Mẹ́tàlélọ́gọ́ta (63) nínú wọn ló ti wa uranium rí.

Wọ́n gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Lọ́yà wọn, Stewart Udall, kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ: òun ni mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ láyé Kennedy àti Johnson. Òun náà kò rí i ṣe. Ní 1984, adájọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣe òun láàánú, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gbè é lẹ́yìn.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló wá dá sí i. Lóṣù kẹwàá, 1990, Ààrẹ George Bush, ìyẹn bàbá, fọwọ́ sí òfin tó tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè, tó sì ní kí wọ́n fún awakùsà kọ̀ọ̀kan tí àrùn mú, tàbí ẹbí ẹ̀, ní 100,000 dọ́là. Ẹnu lásán! Wọ́n ní kí ẹni tí kò fa sìgá fi hàn pé ìwọ̀n ìtànṣán tóun gbà tó 200. Ẹni tó bá fa sìgá, 300 tàbí 500. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn nínú kòtò? Àwọn opó ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n mú sẹtifíkéètì ìgbéyàwó wá, nígbà tó jẹ́ pé lójú àwọn àgbààgbà ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó nílànà ìbílẹ̀. Ìgbà tó di 2000 ni wọ́n sọ ìwọ̀n náà di 40, tàbí kéèyàn ti ṣiṣẹ́ náà fún ọdún kan.

Òfin náà kú lóṣù kẹfà, 2024. Oṣù keje, 2025 ni wọ́n jí i dìde, wọ́n sì fi àwọn tó ṣiṣẹ́ títí di òpin 1990 kún un. Ìparí oṣù Kejìlá, 2027 ni ẹnubodè yóò tún tì. Láàárín gbogbo èyí, kòtò tó lé ní 500 ṣì wà lórí ilẹ̀ Navajo tí àwọn tó gbẹ́ ẹ kò tún ṣe, àwọn ẹbí kan sì ti fi òkúta inú ẹ̀ kọ́lé gbé.