Oògùn kan náà, kíndìnrín ọmọ tuntun kì í gbà á bí ti àgbà

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, àwọn nọ́ọ̀sì kì í ju ìlédìí nù lásán. Wọ́n máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ iye ìtọ̀ tí ọmọ náà tọ̀. Bí ìlédìí bá gbẹ fún wákàtí púpọ̀, ọkàn dókítà kò ní balẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má máa dé kíndìnrín bó ṣe yẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dopamine ni oògùn tí àwọn dókítà kan máa ń sáré mú nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀ máa ń ṣe èròjà yìí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni Leon Goldberg àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí wọ́n bá fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àgbàlagbà lára, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín máa ń pọ̀ sí i. Ta ni kò ní rò pé ohun tó ṣe àgbà lóore yóò ṣe ọmọ ọwọ́ náà lóore?

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Dopamine dà bíi kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn méjì lára iṣan ẹ̀jẹ̀. Èkíní ń mú kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Èkejì, tí adrenaline náà ń lò, ń mú kí iṣan fún. Lára àgbà, tí oògùn náà kò bá pọ̀, èkíní ló máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n lára ọmọ tí kò tíì gbó, ilẹ̀kùn tó ń mú iṣan dẹ̀ kò tíì lágbára, èyí tó ń fún un sì tètè ń jí. Ní 1987, àwọn onímọ̀ fi àgùntàn ṣe irú àyẹ̀wò yìí: èyí tó ṣì wà nínú oyún, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àti èyí tó ti dàgbà.

Ẹ má sì bá kíndìnrín ọmọ náà wí. Nínú oyún, ibi ọmọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọgọ́rùn-ún ife tí ọkàn bá tú jáde, bí ife méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń lọ sí kíndìnrín ọmọ inú. Ti àgbà ń gba bí ogún. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 oyún ni kíndìnrín ṣì ń kọ́ àwọn asẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28 gbé ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán wáyé ni.

Ìrètí tí wọ́n ní nínú oògùn náà ti wá dín kù. Lọ́dún 2000, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 328 tí àìsàn wọn le ní Australia àti New Zealand fi hàn pé ìwọ̀n kékeré dopamine kò dáàbò bo kíndìnrín wọn. Lọ́dún 2002, Barrington àti Brion yẹ ìwádìí wò lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé tí wọ́n ń gba oògùn indomethacin, èyí tó máa ń pa kíndìnrín lára. Wọn kò rí ẹ̀rí pé dopamine gbà wọ́n.

Síbẹ̀, dopamine kò kúrò nílé ìwòsàn. Wọ́n ṣì ń lò ó fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru tó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwúwo ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gùn ún, ojú wọn kò sì ní kúrò lára ìlédìí yẹn.