Ṣíà kì í ṣe owó ọjà

Ṣíà jẹ́ ìpín tí ènìyàn rà nínú ilé-iṣẹ́ kan. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jèrè, tí ó sì pín in, owó yóò wọ àpò ẹni tó ni ṣíà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba. Ọdún 1961 ni ọjà ṣíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ará Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó dé ibẹ̀ kó tó rà: búrọ́kà, ìyẹn alágbàtà ṣíà, tí SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ṣíà, fún níwèé àṣẹ ni yóò bá a rà á.

Irú owó wo ni kí oníṣòwò fi rà á? Ìbéèrè yìí ló ṣáájú orúkọ ilé-iṣẹ́. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kòkó wà nídìí ọjà àwọn tí kò ní igi kòkó kan ṣoṣo. Bí àgbẹ̀ bá ta kòkó lápá ìparí ọdún, aláṣọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ náà á tajà. Bí kòkó bá sì tán nílẹ̀, ọjà á dá. Owó tí aláṣọ yìí fẹ́ fi kó ọjà de àsìkò kòkó kò gbọdọ̀ wọ inú ṣíà, torí ọjọ́ tó nílò rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí ṣíà já wálẹ̀. Ọ̀dọ̀ alájọ sàn fún irú owó bẹ́ẹ̀. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, kò sì ní fi èrè kankan lé e, ṣùgbọ́n ìyókù á pé, bí alájọ bá jẹ́ olóòótọ́.

Owó yíyá ló burú jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ọjà ṣíà lé ní 66,000. Kí ọdún kan tó yí po, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ó di 2023 kó tó padà síbi tó ti já. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà rí ààyè dúró. Èyí tó yá owó báńkì kò rí i, torí èlé kì í dúró de ẹnìkan. Gbèsè náà wọ àwọn báńkì fúnra wọn lọ́rùn débi pé ìjọba dá àjọ AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Òkìkí nìkan kò tó láti fi yan ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ fóònù MTN ta ṣíà fún aráàlú ní ₦169 ní ìparí 2021, ẹni tó ra ogún péré sì lè wọlé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, gbèsè dọ́là mú kí ilé-iṣẹ́ náà pàdánù lọ́dún náà àti ní 2024, bẹ́ẹ̀ tọ́mọdé tàgbà ṣì ń ra káàdì rẹ̀. Nítorí náà, kí a yẹ ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ wò: èló ni gbèsè rẹ̀, ọdún mélòó ló ti ń pín èrè? Ẹni tí kòkó ń gbé ọjà rẹ̀ tún lè wo ṣíà báńkì tàbí ti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, kí ìyà ọdún kan má baà kan gbogbo owó rẹ̀.

Ẹni tí àyà rẹ̀ kò gba ìjákulẹ̀ lè yá ìjọba àpapọ̀ lówó: láti 2017 ni wọ́n ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ (FGN Savings Bond) láti ₦5,000, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹni tó bá sì ṣèlérí èrè tí kì í yẹ̀, kì í ṣe ṣíà ló ń tà. Ètò ìlérí èrè kan tó ń jẹ́ MMM ti owó àwọn ènìyàn pa ní oṣù kejìlá 2016, òmíràn tó ń jẹ́ CBEX sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Kí oníṣòwò tó san kọ́bọ̀ kan, kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ búrọ́kà náà nínú àkọsílẹ̀ SEC.