Ta Ni Ó Ni Orin?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí orin kan bá dùn mọ́ yín, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ni ẹ máa ń bèèrè. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn "That's All Right" fún yín, ọ̀kan nínú àwọn orin tí ó la ọ̀nà fún rock and roll.

Arthur Crudup ni ó dá orin yìí. Ènìyàn dúdú ni, ọmọ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ní 1946 ni ó kọ ọ́ sínú àwo ní Chicago, tòun ti gìtá rẹ̀.

Ní oṣù Keje, 1954, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan, awakọ̀ akẹ́rù, ẹni ọdún 19, wà ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ Sam Phillips ní ìlú Memphis. Elvis Presley ni. Scotty Moore ń ta gìtá, Bill Black ń ta báàsì. Wọn kò ní onílù. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ ni kò tẹ́ Phillips lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dúró sinmi, Elvis fi orin Crudup ṣeré, ó sáré kọ ọ́, ó ń fò sókè. Àwọn méjì yòókù gbè é. Phillips ní kí wọ́n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eré ni wọ́n ń ṣe, ó sì di àwo.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Dewey Phillips gbé e sórí rédíò ní Memphis. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pe rédíò, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà àwọn olùgbọ́ fèsì: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láago, ó sì ń tún orin náà fi sí i léraléra. Wọ́n lọ wá Elvis jáde ní ilé sinimá. Dewey bi í pé ilé-ìwé wo ni ó lọ. Kí ni ti ilé-ìwé nínú ọ̀rọ̀ orin? Nígbà náà, ilé-ìwé àwọn òyìnbó yàtọ̀ sí ti ènìyàn dúdú ní Memphis. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti rò pé ènìyàn dúdú ni akọrin náà. Bí ó ti dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé òyìnbó ni.

Báyìí ni òkìkí Elvis ṣe bẹ̀rẹ̀. Crudup ńkọ́? Bí a bá ta àwo, ìpín akọrin wà níbẹ̀, ìpín ẹni tí ó dá orin náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ Crudup sára àwo náà, Elvis pàápàá sì yìn ín ní gbangba ní 1956. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í yó ikùn. Owó tí ó tọ́ sí i kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ alágbàṣe ni ó fi ń jẹun. Ó jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1974, kò sì rí i gbà tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá orin, ẹ má ṣe fi ìkánjú fọwọ́ sí ìwé. Ẹ kà á, ẹ fi han ẹni tí ó mọ òfin. Ẹ̀yin olùgbọ́, bí orin bá dùn mọ́ yín, ẹ bèèrè ẹni tí ó dá a pẹ̀lú. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni ó yẹ kí ó ti jẹ.