Ìdarapọ̀ Yunifásítì Brigham Young mọ́ Big 12

Ìdarapọ̀ Yunifásítì Brigham Young mọ́ Big 12 ni ìgbésẹ̀ tí yunifásítì onígbàgbọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi wọ ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ìdíje ńlá nínú eré ìdárayá àwọn yunifásítì. Ìpè náà dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìdarapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2023. Yunifásítì Brigham Young, tí a mọ̀ sí BYU, wà ní ìlú Provo ní ìpínlẹ̀ Utah. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1875, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ló sì ni ín. Àwọn ikọ̀ rẹ̀ kì í díje ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹgbẹ́ ìdíje àti owó tẹlifíṣọ̀n

Ẹgbẹ́ ìdíje ni àkójọpọ̀ àwọn yunifásítì tí ń bá ara wọn díje lọ́dọọdún, tí wọ́n jọ ń ta ẹ̀tọ́ láti fi eré wọn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì ń pín owó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtòsí ara wọn ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn pọ̀. Ní ọdún 1984, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá nìkan ṣàkóso títa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà ni owó ti ń borí ìtòsí, tí àwọn yunifásítì sì ń kúrò nínú ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn.

Ní ọdún 1984 kan náà, BYU borí nínú gbogbo eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà 13 tó gbá, a sì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ tó ta yọ jùlọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. LaVell Edwards ni akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, inú ẹgbẹ́ WAC, tí kì í ṣe ara àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ló sì wà. Láti ìgbà náà, kò tí ì sí ikọ̀ mìíràn láti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ìdìbò àwọn oníròyìn AP gbé sí ipò kìn-ín-ní ní òpin sáà.

Àwọn ọdún ìdádúró

Ní ọdún 1999, BYU àti yunifásítì méje mìíràn dá ẹgbẹ́ Mountain West sílẹ̀. Ní ọdún 2010, Yunifásítì Utah, tó jẹ́ abánidíje BYU láti ọjọ́ pípẹ́, gba ìpè láti wọ Pac-10. Ẹnikẹ́ni kò pe BYU. Ó kéde pé ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà òun yóò dá dúró láti ọdún 2011, ó sì bá iléeṣẹ́ ESPN ṣe àdéhùn. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ikọ̀ rẹ̀ yòókù lọ sí West Coast Conference. Yunifásítì mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ ti onígbàgbọ́, méje nínú wọn sì jẹ́ ti Kátólíìkì.

Ní ọdún 2016, Big 12 ṣe àyẹ̀wò bóyá òun yóò gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kọ̀wé pé kí wọ́n má gba BYU, nítorí pé ìlànà ìwà rẹ̀ ka ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, Big 12 pinnu pé òun kò ní gba ẹnikẹ́ni.

Ìpè ọdún 2021

Ní oṣù Keje ọdún 2021, Texas àti Oklahoma, tó lókìkí jùlọ nínú Big 12, kéde pé àwọn ń lọ sí ẹgbẹ́ SEC. Àwọn mẹ́jọ tó ṣẹ́kù nílò ikọ̀ tó lérò lẹ́yìn, BYU sì ní pápá ìṣeré tó ń gba ènìyàn tó ju 60,000 lọ. Wọ́n pè é pẹ̀lú Cincinnati, Houston àti UCF.

Ọjọ́ Àìkú kò dí ìpè náà lọ́wọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀pọ̀ jùlọ eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àwọn yunifásítì ń wáyé, òun náà ló sì ń mú owó tó pọ̀ jùlọ wọlé. Nínú àwọn eré mìíràn, ẹgbẹ́ ìdíje ló ń tún ètò ṣe kí ọjọ́ ìsinmi BYU má baà bàjẹ́. NCAA náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ọ̀wọ́ tí kò ní eré ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń fi BYU sí.

Lẹ́yìn ìdarapọ̀

Ní sáà àkọ́kọ́, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà BYU borí ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì pàdánù ní ẹ̀ẹ̀meje. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Pac-12 (Pac-10 àtijọ́) ti tú ká, Utah náà wọ Big 12. Àwọn abánidíje méjèèjì tún wà lábẹ́ òrùlé kan, BYU sì borí pẹ̀lú 22 sí 21. Ó parí sáà náà pẹ̀lú ìborí 11 àti ìpàdánù 2.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn ọkùnrin rẹ̀ wọ ìpele ikọ̀ 16 nínú ìdíje NCAA. Ó borí VCU ní Ọjọ́bọ̀ àti Wisconsin ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sinmi ní ọjọ́ Àìkú, Alabama sì lé e jáde ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e.