Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù Tó Há Sọ́nà

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ríran kedere, síbẹ̀ tí wọn kò lè yí ojú wo ìsàlẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n á máa kọsẹ̀, wọ́n á máa ṣubú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ á wúwo lẹ́nu wọn, oúnjẹ á máa há wọn lọ́fun, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á sì máa pòórá lọ́kàn wọn. Niemann-Pick C ni orúkọ àìsàn náà. Bí dókítà bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í sábà pọ̀ jù. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ó ti há.

Ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sí, ṣùgbọ́n kò sí sẹ́ẹ̀lì ara wa tó lè dúró láìsí i. Òun ló ń jẹ́ kí awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì le dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rá ni, omi ló sì kún inú sẹ́ẹ̀lì. Bí epo kì í ti í pò mọ́ omi, kò lè dá rìn. Àfi kí nǹkan gbé e.

Ní Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, ní àwọn ọdún 1970, Michael Brown àti Joseph Goldstein rí ohun tó dà bí ìwọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì, tó ń fa ẹrù kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1985. Inú àpò kékeré kan tó ń jẹ́ lysosome ni sẹ́ẹ̀lì ti ń tú ẹrù náà. Purotéènì NPC2 á gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, á fi lé NPC1 lọ́wọ́, èyí tó dúró sára ògiri àpò náà, tó sì ń tì í síta. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bàjẹ́, ẹrù á máa gun orí ara wọn. Apá sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ìwọ̀n kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kò ní rí ohunkóhun gbà, á sì tún pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe sí i. Àká kún dẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ sọnù, ebi ń pa ará ilé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Bakitéríà inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Philippines ló pèsè kẹ́míkà kan, filipin, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù bó bá ti rọ̀ mọ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ tó ní Niemann-Pick C, ìmọ́lẹ̀ náà á ṣù jọ sí àárín ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi oògùn pa ni wọ́n ń lò ó fún, kò lè fi ìrìn hàn. Àwọn tó fẹ́ rí ìrìn ọ̀hún láàyè ń lo dehydroergosterol, ìbátan kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ìwúkàrà ń ṣe. Ó ń tàn fúnra rẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ó sì máa ń tètè kú. Iṣẹ́ sùúrù gidi ni.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé fáírọ́ọ̀sì Ẹbólà, èyí tó wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, nílò NPC1 kan náà kó tó lè ráyè nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn Niemann-Pick C tí NPC1 tiwọn bàjẹ́ kò gbà á láyè.

Ọdún 1997 ni wọ́n dá jíìnì NPC1 mọ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí oògùn méjì àkọ́kọ́ fún àìsàn náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan síra wọn, lẹ́yìn ọdún 27. Àwọn oògùn náà kò wò ó sàn, ṣùgbọ́n àwọn òbí ti rí nǹkan dì mú.